Ẹkún Tó Tà Nílé Aṣòfin

Ẹni tó bá rò pé inú ló ń bí aṣòfin tó ń lu tábìlì, kó lọ bi akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Báírò. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀, aṣòfin, ń kà nílé ìgbìmọ̀, òun náà ló ń fi báírò pupa sàmì sí etí ìwé. Ọ̀rọ̀ owó-orí, ìbínú. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ẹkún. Ṣé ẹ rí i, àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń se omijé ọ̀sán kalẹ̀.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ẹkún ò wá. Ó kọ ọ́ títí, ó ń pa á rẹ́. Ló bá rántí ohun tí àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ fún un nílé ìdáná, lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sí abọ́. Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ pé ó ti kú." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní ìyá kan ládùúgbò ló sọ ọ́.

Ọ̀gá sunkún, ilé sunkún, òfin wọlé. Inú Báírò dùn. Ó ní òun á sọ fún àbúrò òun lọ́la, ọ̀la ò sì dé.

Ṣùgbọ́n ta ló ń pa ọjà tó tà tì? Nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí awakọ̀ yóò máa gbé ọkọ̀ sí, ọ̀gá dá a ṣe: ó tún fa abọ́ yẹn yọ. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Alàgbà, ṣé ọwọ́ ọ̀hún ò tíì gbọ́ títí dòní ni?" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni àbúrò wà, rédíò tó ń gbé ìjókòó náà sáfẹ́fẹ́ wà ní títàn.

Báírò sáré débẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú. Àánú rẹ ló ṣe mí tí mo fi kọ ọ́."

Àbúrò ò gbójú sókè kúrò lára aṣọ. "Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Báírò kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yìí débi pé kò kọ ẹkún fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá wọn kú. Gbogbo ilé ń ké, àbúrò jókòó ní yàrá ìyá, ojú rẹ̀ gbẹ. Báírò jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Mo fẹ́ sunkún."

Báírò dìde. Kò tíì ti ilẹ̀kùn tán tó fi gbọ́ ẹkún rẹ̀.