Owó Yàrá Tí Bàbá Ń San

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n mú Bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ọ̀rọ̀ owó yàrá yìí bẹ́ sílẹ̀. Tíṣà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí, ó ń yẹ ìwé báǹkì bàbá rẹ̀ wò, nítorí àwọn ará ilé ìtọ́jú fẹ́ mọ owó tó ń wọlé fún un àtèyí tó ń jáde. Èyí tó ń wọlé yé e. Èyí tó ń jáde ló rú u lójú. Lóṣooṣù, fún ọdún mẹ́sàn-án, owó kan ń lọ, “owó yàrá” ni wọ́n kọ sídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́lé tó ń gbé.

“Bàbá, yàrá wo lẹ ń sanwó ẹ̀?”

Bàbá gbójú sókè. “Ti àwọn tó ń dúró.”

“Àwọn wo ló ń dúró?”

“Ṣé o ti jẹun?”

Nírọ̀lẹ́, ó tún bi í. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá ní òun ò ní yàrá kankan, ó ní olè ni Tíṣà. Ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láti ogún ọdún, ìṣirò bàbá tirẹ̀ wá dẹtì.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tan ara yín jẹ. Obìnrin ni. Tí àgbà bá ń sanwó yàrá tí kì í sùn níbẹ̀, ẹlòmíì ló ń sùn níbẹ̀.”

“Bàbá wa? Bàbá tí ò lè…” Kò mọ ohun tí Bàbá ò lè ṣe mọ́.

Nítorí pé Bàbá ti tẹ̀ka síwèé pé kí Tíṣà máa bójú tó owó òun, akọ̀wé báǹkì fún un ní àdírẹ́sì ẹni tó ń gbowó náà. Nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ débẹ̀, obìnrin ló ṣílẹ̀kùn lóòótọ́. Àmọ́ ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ni, kọ́kọ́rọ́ ló sì nà sí wọn.

“Ẹ̀yin lọmọ oní-rédíò? Ó ti pẹ́ tó ti wá nù wọ́n gbẹ̀yìn.”

Rédíò ló kún yàrá náà, láti ilẹ̀ dé àjà. Títún rédíò ṣe ni Bàbá fi tọ́ wọn dàgbà. Wọ́n kà á, ó jẹ́ mọ́kànlélógójì. Páálí pélébé kan wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹni tó ni ín, àdúgbò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tó ń ṣe rédíò náà, àti nísàlẹ̀, “Ó ti ń sọ̀rọ̀.” Àwọn tó ni wọ́n ni ò padà wá.

Àbúrò gbé ọ̀kan, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ṣé ká tà wọ́n ni?”

“Ṣé tiwa ni?”

“Ta ló wá ni wọ́n?”

Àpótí kan àti àga kan péré ni ilé ìtọ́jú gbà kí Bàbá mú dání. Tíṣà pe gbogbo nọ́ńbà náà títí etí fi gbóná. Ẹni mẹ́fà ló gbé fóònù. Ọ̀kan sunkún, rédíò ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Òmíràn bú u, ó ní gbájúẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí Bàbá dé yàrá rẹ̀ tuntun, Tíṣà kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀. “Bàbá, kí la máa ṣe sí àwọn rédíò yẹn?”

“Nǹkan onínǹkan ni,” ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ já geere bíi tàtijọ́. “Ẹni tó gbé e wá ló máa gbé e lọ.”

Inú Tíṣà dùn: bàbá òun ti dé. Àfi bí Bàbá ṣe wo ojú rẹ̀ fínnífínní. “Ẹ̀yin ńkọ́, màdáámù, ti ta lẹ wá gbé?”

Bàbá ò pè é ní “ẹ̀yin” rí láyé. Tíṣà ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló kàn tàbí ẹkún. “Ti bàbá mi ni,” ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá ronú, ó mi orí. “Kò tíì parí. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Lẹ́nu ọ̀nà, akọ̀wé ilé ìtọ́jú bi í bóyá owó yàrá yẹn ṣì ń lọ. Tíṣà di bírò mú. Ó kọ ọ́ pé ó ṣì máa lọ fún oṣù mẹ́ta sí i; bí wọ́n bá ní kó sọ ìdí rẹ̀, kò ní rí i sọ. Níta, àbúrò rẹ̀ ti tan ọkọ̀, rédíò méjì wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bi ẹni tó ń kọjá lọ léèrè àdúgbò kan tó wà lára páálí wọn, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.