Páálí Ilé Ìjẹ̀bú-Igbó

Nígbà tí Adrian kọ́kọ́ wọ pálọ̀ mi, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó la ẹnu sílẹ̀. Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ Spain ni. Ó ń wá ilé tí wọ́n máa ti ya fíìmù kan tó ń pani lẹ́rìn-ín tó sì tún ń pani lẹ́kún, nípa àwọn ará Spain tó kúrò nílùú wọn láyé ọjọ́sí láti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ó ní òun ti wọ ilé títí ní Abbey Wood àti Thamesmead East ní London níbí, òun ò tíì rí èyí tó wu òun. Ó ya fọ́tò bí ogún.

"Jemilat," ó pe orúkọ mi ṣákálá bí ẹni pé a jọ lọ sílé ìwé, "ilé yìí gan-an ni. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí i la máa dé."

Mi ò mọ ohun tó rí. Ohun tí èmi ń rí ni páálí, láti ilẹ̀ títí kan àjà. Ọdún mọ́kàndínlógún lèmi àti Ṣàmsúdéènì ọkọ mi ti ń ra nǹkan fún ilé tí à ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó: abọ́ tánganran mẹ́rìnlélógún, kọ́tìnì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, àga ìjẹun mẹ́fà tí ọ̀rá ò tíì kúrò lára wọn. Orí páálí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wa wà. Ilé náà ò tíì ní fèrèsé, a ò sì lè kó ẹrù ránṣẹ́ síbi tí fèrèsé ò sí. A ti bá ara wa ṣàdéhùn pé a ò ní tú ọ̀kankan títí a ó fi ṣílé. Abọ́ ike la fi ń jẹun, etí bẹ́ẹ̀dì la sì ti ń jẹ ẹ́.

Mo wá rò ó pé wọ́n á gbé pálọ̀ yìí sójú ayé. Wọ́n á rí i ní Spain, wọ́n á rí i ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n á ní, ṣé bí Jemilat ṣe ń gbé ní London nìyí? Èmi tí mò ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, tí mi ò jẹ́ fi ife kan sílẹ̀ láìfọ̀ nílé onílé. Rárá o.

"Daddy Waheedah, a máa tú àwọn ẹrù yìí," mo sọ fún ọkọ mi. "Tí wọ́n bá ti ya fíìmù wọn tán, a máa dì í padà."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, kì í pariwo. Ó kàn wò mí bí ẹni pé mo ní ká lọ ta ọmọ. "Mummy Waheedah, ẹrù ilé nìyẹn. A ti ṣe promise."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín ní cinema?"

Ó bínú wọlé lọ sùn.

Mo tú u. Kọ́tìnì ni mo kọ́kọ́ fà jáde. Oṣù tí mo lóyún Waheedah ọmọ wa ni mo rà á. Waheedah ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ga jù mí lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀rá náà, wọ́n ti wó o, wọ́n ti kọ́ ilé gogoro sípò rẹ̀. Ojú fèrèsé Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wọ̀n ọ́n fún, nítorí náà ó gùn, ó ń wọ́lẹ̀. Mo so ó kọ́ bẹ́ẹ̀. Mo to àga, mo to abọ́. Mo tẹ gbogbo páálí pẹlẹbẹ, mo kó wọn síta, àwọn akólẹ̀ sì gbé wọn lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Adrian dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọjọ́sí náà ló dúró sí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Jemilat, páálí dà?"

"Mo ti palẹ̀ wọn mọ́," mo fèsì, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní obìnrin inú fíìmù náà, ogún ọdún ló fi gbé láàárín páálí ẹrù tó ń rà fún ilé abúlé rẹ̀, tí kò lo ọ̀kankan. Wọ́n ti gbìyànjú láti fọwọ́ ara wọn ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀, kò jọ òótọ́. Ìgbà tó rí pálọ̀ mi, ojú ọ̀nà ló ti pe Spain, tó ń pariwo.

Mo sún mọ́ ọn. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ wa fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìyá ìyá mi ni obìnrin inú fíìmù náà. Àwọn abọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, nínú páálí. Kò tíì sẹ́ni tó láyà láti tú u."

Àṣé kì í ṣe àwa Ìjẹ̀bú nìkan. Gbogbo ìtìjú tí mo ti ń gbé kiri látọjọ́ yìí, òun gan-an ni wọ́n wá wò. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká dì í padà, mo sì lọ sídìí àga tí ọkọ mi jókòó sí, tó ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ tánganran.

"Ẹ dìde, Daddy Waheedah, wọ́n fẹ́ di àga."

"Mi ò ní dìde."

Mo rò pé eré ló ń ṣe.

"Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti ń jókòó jẹun," ó ní. "Ẹ̀yìn mi ò dùn mí mọ́. Mo ti máa ń sọ pé bọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì."

"Promise tí ẹ fi ń bínú sí mi ńkọ́?"

"Ilé nìyí náà, Jemilat." Ó bu òkèlè mìíràn.

Ọkọ mi kì í pe orúkọ mi. Inú bí mi, ó sì yà mí lẹ́nu. Níkẹyìn, Adrian sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Yẹmí tó ń ta iṣu ní Plumstead High Street, ó kó páálí iṣu tó ti ṣófo wá, wọ́n sì dojú ibi tí wọ́n kọ iṣu sí kọ ògiri. Wọ́n kó àga àti abọ́ lọ sí yàrá. Ọkọ mi bá wọn lọ, ó jókòó padà.

Wọ́n wá ní kí obìnrin tó ń ṣe eré náà gbé páálí kan bíi pé abọ́ ló kún inú rẹ̀, kó tò ó lórí ìyókù. Ó gbé e, páálí náà fò sókè bí òwú. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló tún un ṣe, kò jọ ohun tó wúwo. Adrian yíjú sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ fi hàn án.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti ọwọ́ kan sábẹ́ rẹ̀, mo fi ìkejì dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi àgbọ̀n tì í lókè, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo rọra dìde.

"Mummy," Waheedah sọ láti ẹnu ọ̀nà, "kò sí nǹkan nínú ẹ̀ now."

Mo mọ̀. Síbẹ̀ mò ń wá ibi tí mo máa rọra gbé e kà kó má fọ́.