Òṣùpá Tí Kò Yí Mọ́

"Òṣùpá rẹ̀ ò yí mọ́," ni tíṣà wí, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ojú ọ̀run ka orí tábìlì tí sípánà kún. "Gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ń lọ. Òṣùpá nìkan ló dúró gbagidi."

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe wò ó. Igi àti irin ni wọ́n fi ṣe é: oòrùn láàárín, pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ lórí ọ̀pá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣéènì kékeré lábẹ́ tó ń yí wọn. Tíṣà ọmọ rẹ̀ ni obìnrin yìí. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó wá kí i kú àṣẹ̀yìndè ìyàwó rẹ̀ ni. Lónìí, iṣẹ́ ló gbé wá. Ó kéré tán, kò ní bi í bóyá ó sùn dáadáa.

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkàn rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Wọ́n á sọ̀rọ̀, á ní ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin ní òun máa wá mú ọmọ náà ní Sátidé kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó lè rí ìtọ́jú obìnrin. Ọkùnrin náà ní ó dáa, bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn fẹ́ atẹ́gùn sí táyà.

Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Eyín kan ti ká lára irin róbótó tó ń yí òṣùpá. Ó yọ irú rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tó ti bàjẹ́, ó ń fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin ha á kó lè bá ẹ̀rọ náà mu.

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀ kí tíṣà, ó sì fara ti tábìlì.

"Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ṣe ni òṣùpá ń já bọ́?"

"Já bọ́ síbo?"

"Sí ayé. Ayé ń fà á mọ́ra, àmọ́ eré tó ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ò jẹ́ kó balẹ̀. Ló bá kúkú ń yí po."

"Ẹ gbọ́ o," tíṣà rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ mi lọmọ yín fẹ́ gbà. Ọjọ́ mélòó ló fi ń yí po?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti wákàtí díẹ̀, mà."

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi gírísì sí i, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Òṣùpá mì díẹ̀, ó sún, ó yí ayé po. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Inú ọkùnrin náà kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ayé. "Tíṣà, bí wọ́n bá yọ ayé kúrò ńkọ́? Ibo ni òṣùpá máa gbà lọ?"

Tíṣà wo bàbá, ó tún wo ọmọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Oòrùn tó ń fa ayé náà ló ń fa òṣùpá. Òun náà á máa yí oòrùn po lọ ni."

"Kò ní lọ sọ́dọ̀ Júpítà? Júpítà ní òṣùpá tó pọ̀."

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ó jìnnà jù."

"Ẹ ṣé, mà. Mo ti di ẹrù mi ni. Mo kàn ní kí n béèrè."

Nígbà tí tíṣà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ọkùnrin náà wọ yàrá. Àpò ọmọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fa síìpù rẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó dì í. Ó gbé àpò náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọmọ náà ò lọ mọ́."

"Àna mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ta ni yóò máa di irun rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ! Ìwọ tó jẹ́ pé táyà nìkan lo mọ̀ ọ́n lẹ̀!"

"Mo máa kọ́ ọ."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Mo ṣì ń bọ̀ ní Sátidé o. Mo máa wá wo irun ọ̀hún."

Nígbà tó yíjú, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò fò fáyọ̀, kò sì sunkún.

"Ẹ mọ irun dì ni?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ lọ fọwọ́ ná."

Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó padà, ó bá ọmọ náà lórí àpótí ìjókòó, tó kọ ẹ̀yìn sí i, tó sì na òòyà sẹ́yìn.

"Ẹ pín in sí méjì," ó ní. "Ẹ rọra o."