Àṣẹ Tí Ọ̀gágun Pa Lẹ́sẹ̀ Òkè Kẹta

Òkè méjì ni Ọ̀gágun gbà lójú ogun, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀ ti borí rẹ̀. Bó bá fẹ́ dé ìsàlẹ̀, ìdí ló fi ń wọ́ bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn. Ọmọ náà, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ríṣẹ́ sílùú òkèèrè, ó sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ibi méjì ló kù tí bàbá lè forí pamọ́ sí: ilé ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń rán bàtà, tàbí ilé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Ikú wù ú ju ilé sójà lọ. Àwọn tó rán lọ sórí òkè kẹta, tí wọ́n padà láìlẹ́sẹ̀, láìlápá, ló kún ibẹ̀.

Aránbàtà wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí kan.

"Bàbá, mo ní yàrá kan. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀."

"Ariwo òòlù rẹ kò ní dí mi létí?"

"Etí tó ti dí tipẹ́, kí ni òòlù tún fẹ́ fi í ṣe?"

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti bá a ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ṣùgbọ́n Bàbá, ọ̀rọ̀ bàbá mi ńkọ́?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Iwájú ni Ọ̀gágun máa ń wà lójú ogun, àmọ́ lọ́jọ́ òkè kẹta, orúnkún dá a dúró sẹ́sẹ̀ òkè. Kùrukùru bolẹ̀, àbúrò rẹ̀ àtàwọn ọmọ ogun kọjá lára rẹ̀ láìrí i, wọ́n sì ti gun òkè dé àárín. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọ̀tá ti lúgọ lókè, ó kígbe sínú rédíò pé, "Ẹ máa bọ̀!" Àbúrò rẹ̀ rò pé iwájú ni ẹ̀gbọ́n òun wà bí ìṣe rẹ̀. Ló bá kó àwọn ọmọ ogun gòkè sí i láti lọ bá a, wọ́n bá ìbọn pàdé, àbúrò náà sì kú síbẹ̀. Ká ní Ọ̀gágun sọ pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni, wọn ì bá padà. Ṣùgbọ́n ó ti fòfin de ọ̀rọ̀ náà, "sọ̀ kalẹ̀", láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó ní ẹnu ojo ló ti ń jáde.

"Ẹ máa bọ̀ ni mo wí," ni ó dáhùn. "Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Bàbá rẹ ló gọ̀."

"Ẹni tí kò rí yín, ọ̀dọ̀ ta ni kó máa bọ̀? Ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀ bá ti ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. N ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀ mí."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré."

Ọ̀gágun ya ẹnu. Ó ro yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn náà, ó ro òórùn awọ àti àwọn ọmọdé tí yóò máa pè é ní bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì.

"Àṣẹ mi tọ̀nà."

Aránbàtà dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Kò sọ pé ó dàbọ̀.

Ní ilé sójà, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì kan hàn án. Kò sẹ́ni tó bú u. Ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ kàn fi apá kan ṣoṣo tó kù fún un yí ara rẹ̀ kọjú sí ògiri. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì kó àwo lọ. Ọ̀gágun jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí kẹ́nìkan kí òun.