Ọwọ́ Òsì Ìyá Onílà

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán náà obìnrin gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó o.

"Òkú lo yà síbí yìí." Ó nawọ́ sí àwòrán tó fara ti ògiri. "Imú pé, etí pé, bọ́tìnnì ẹ̀wù pé. Ẹni tó ni wọ́n ni kò sí ńbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún ayàwòrán lára. Ọkọ rẹ̀ ló yà, àwòrán tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀ nígbà tí ó bá pé ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Odindi oṣù méjì ló fi ṣe é, bó ṣe máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Yóò fi rúlà pín fọ́tò sí igba yàrá kéékèèké, yóò pín aṣọ àwòrán bákan náà, yóò sì máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Bébà ló fi ń bo ìyókù kí ojú rẹ̀ má bàa yà síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe káfíńtà, ló fá rúlà náà fún un lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Ìyá Onílà.

Fọ́tò ọdún méje sẹ́yìn ni wọ́n lò. Nígbà tó ní kí ọkọ òun jókòó kí òun yà á bó ṣe wà, ọkọ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe lára ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá fọ́tò náà jáde.

Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀gbọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní àwòrán yíyà, kì í sì í bẹ ènìyàn. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì àwọn tó ń kun ilé kalẹ̀, èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Ọwọ́ òsì ni kí o lò. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mú ọkọ rẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí o sì máa wo òun, má wo bébà. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Ọwọ́ òsì kẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ẹ̀gbọ́n ti gbé báàgì rẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ayàwòrán rò ó lọ́kàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ká fi ya ọkọ ẹni. Síbẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì náà.

Ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń sùn báyìí. Ó ní iṣẹ́ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀ tó ti tóbi jù, ìyàwó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ń padà di ọ̀dọ́mọkùnrin.

"Ẹ wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Oòrùn ń ta mí lójú."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà yẹn."

Ó pẹ́ kó tó ṣí i. "Ìyá Onílà, kò séwu lóko, àfi gìrìrì àparò."

Ìyàwó kò tilẹ̀ tíì bi í léèrè ewu kankan.

Nínú àwòrán àkọ́kọ́, etí já bọ́ sí èjìká. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àfi pé ọkọ fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Nínú ìkejì, èjìká kéré jù. Ó bá ọwọ́ òsì rẹ̀ wí.

Nígbà tó di ẹ̀kẹta, nǹkan kan tú nínú ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbàgbé ọwọ́, ó gbàgbé bébà, gbogbo apá títí dé ìbàdí ló fi ń yàwòrán. Ìlà kan ṣoṣo ló fi mú ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ láti orí dé ìjókòó, òun gan-an ni, bó ṣe máa ń jókòó bí ẹni tó fẹ́ dìde. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pariwo. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń yàwòrán, kò rí ẹnikẹ́ni lódindi bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé èjìká náà ṣì kéré, àti pé kọ́là ẹ̀wù jìnnà sí ọrùn.

"Ó tó báyìí," ni ọkọ wí.

"Ó ku ẹyọ kan. Ẹ wò mí lójú."

Nínú ẹ̀kẹrin, ojú ló kù tí yóò kùn. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun, ó fi kàn án, kò jọ ọ́. Ó nù ún kúrò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sínú ọ̀dà yẹ́lò. Ó fà á padà kíá. Funfun ni ẹyinjú ènìyàn, ìyẹn ló ti ń kùn láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì tún padà sínú yẹ́lò. Lọ́tẹ̀ yìí kò fà á kúrò. Ó kun ojú, ó kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kun àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tó wà lórí orúnkún. Ẹ̀rù bà á gidigidi, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

Lára ògiri, ọkùnrin inú àwòrán oṣù méjì náà ń wò wọ́n pẹ̀lú ojú tó funfun bí ẹfun. Igba yàrá ni ìyàwó ti wọ̀ nínú ilé yẹn, kò pàdé onílé.

Ọkọ dìde. Ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wo bébà náà títí. Ìyàwó ń retí pé yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni ọkọ béèrè.

Ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Mo ní kí dókítà má sọ nípa àìsàn yìí fún ẹnikẹ́ni," ọkọ ń bá ọ̀rọ̀ lọ jẹ́jẹ́. "Mo ní kí ọjọ́ Àìkú kọjá ná."

Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyàwó. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó yíjú padà, ó di ọkọ rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.