Oyún Tí Màmá Dominic Ò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Kà

Nílé Màmá Dominic ní Ìdànrè, èèwọ̀ ni kéèyàn bi aboyún pé oṣù mélòó ló kù. Ẹ dán an wò, ẹ ó rí ìjà. Agatha lorúkọ màmá yìí, ọmọ ìjọ Kátólíìkì gidi, kì í pa Máàsì jẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ayé ọ̀tọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe mọ̀ ọ́n.

Kì í kúkú ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Dúpẹ́olúwa, ìyàwó Dominic ọmọ rẹ̀, bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Anthony. Ọmọ pé ọ̀sẹ̀ méje, ikọ́ mú un. Ikọ́ kékeré ni wọ́n pè é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àyà rẹ̀ ń wọ inú ní gbogbo ìgbà tó bá mí, kò sì lè mu ọmú mọ́. Ọwọ́ Agatha ló kú sí, nínú takisí tó ń gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Agatha ti ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù, ó sì rí i: Mùjídàt, ìyá Alameen, tó ní ìsọ̀ lójúlé kejì. Ṣebí òun ló máa ń jókòó síwájú ìsọ̀ náà, tí á na ìka sókè: "Ìyá Dominic, ó ku méjì o! Ìyá Dominic, ó ku ẹyọ kan!" Ẹni tó ń ka oyún oníoyún, kí ló ń wá níbẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí oyún kejì dé, Agatha fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà Ọwẹ́nà. Nọ́ọ̀sì béèrè ọjọ́ tí Dúpẹ́olúwa rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Kí ọmọbìnrin náà tó la ẹnu, ìyá ọkọ ti dáhùn, ó sì gé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kúrò níbẹ̀. Dúpẹ́olúwa wolẹ̀. Ta ló máa já ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò? Nígbà tí ikùn wá ń yọ ju káàdì lọ, Agatha ní, "Bí wọ́n ṣe ń gbé e nílé wa nìyẹn, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ wa máa ń tóbi." Skáànù ńkọ́? Ó di ọ̀la, ó di ọ̀tunla.

Ní Mọ́ńdè kan nínú oṣù kejì, tí eruku ọyẹ́ ò tíì kúrò lórí àpáta, Nọ́ọ̀sì Olútìmẹ́hìn dúró níwájú àwọn aboyún.

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ti dé," ó ní. "Ìyá la máa gún, àmọ́ ọmọ ló wà fún. Ara ìyá á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá kòkòrò àrùn kan jà, á sì fi ààbò yẹn ránṣẹ́ sọ́mọ nínú oyún. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tuntun ni kòkòrò yìí máa ń dojú kọ. Ẹ ó kọ́kọ́ pè é ní ikọ́ kékeré. Tó bá dọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, àyà ọmọ á máa wọ inú, kò ní lè mu ọmú."

Agatha di bẹ́ńṣì mú. Àfi bíi pé obìnrin yìí wà nínú takisí yẹn! Ó yọjú wo ìkangun bẹ́ńṣì kejì, níbi tí Mùjídàt jókòó sí pẹ̀lú Nimat ọmọ rẹ̀ tóun náà lóyún, ó sì yára gbójú kúrò.

Ó kan Dúpẹ́olúwa. Nọ́ọ̀sì yẹ káàdì wò, ó mi orí. "Ọ̀sẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó tì o. Láti ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n sí ìkẹrìndínlógójì la máa ń gún un níbí. Ẹ má dààmú, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ọmọ á ti wà nílẹ̀. Dúpẹ́olúwa wo ìyá ọkọ rẹ̀, omi sì kún ojú rẹ̀.

Agatha wo yàrá náà yí ká, ó rí gbogbo etí tó wà níbẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín, ni wọ́n ń wí. Ikú ta ni, ṣùgbọ́n?

"Irọ́ ni mo pa," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Èmi ni, kì í ṣe ìyàwó mi. Mo yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀ kí aráyé má baà mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gún un."

Àwọn aboyún yí ọrùn wò ó.

"Màmá, níjọ́sí ẹ ní báyìí, lónìí ẹ ní báyìí," Nọ́ọ̀sì sọ. "Èwo ni kí n gbà? Ìyàwó, ọjọ́ wo gan-an ni?"

Dúpẹ́olúwa ti gbé ọjọ́ irọ́ yẹn sórí títí, ojúlówó ti sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. "Oṣù karùn-ún ló ń parí lọ, mà... àbí oṣù kẹfà ti wọlé."

"Tó bá jẹ́ oṣù karùn-ún, a jẹ́ pé àkókò ti kọjá nìyẹn."

Agatha gbé ọwọ́ lérí. Ìgbà náà ni ẹnì kan wúkọ́ láti ìkangun bẹ́ńṣì.

"Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni." Mùjídàt ni. "Ọjọ́ yẹn ló ra páàdì lọ́wọ́ mi gbẹ̀yìn. Mo fún un lẹ́ran Ìléyá nínú ọ̀rá dúdú, ó ní inú ń run òun nítorí nǹkan oṣù tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Látìgbà náà kò rà á mọ́. Mo ti ń kà á bọ̀."

Nọ́ọ̀sì lọ síbi kàlẹ́ńdà, ó kà, ó tún un kà. Ó fi téèpù wọn ikùn. "Ọ̀sẹ̀ márùndínlógójì géérégé. Mo ti ń wí pé ikùn yìí ò bá káàdì mu!" Ó lọ gbé abẹ́rẹ́.

Agatha ò mọ ibi tó máa kọjú sí. "Ìyá Alameen, ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí? Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ fi í pamọ́, mo bá yín fi í pamọ́." Mùjídàt ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. "Ti àkọ́kọ́ tí mo ń kà sókè, ayọ̀ ló ń gùn mí. Ìgbà tí Anthony wá lọ, mo ní bóyá ẹnu mi ni. Inú ni mo ń kà á sí látìgbà náà."

Ẹkún gbọn Agatha, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi í pamọ́. Níwájú wọn, Dúpẹ́olúwa ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, abẹ́rẹ́ wọlé, ó rọra yọ jáde.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó, Ìyá Alameen?"

Mùjídàt wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Márùn-ún."

"Mi ò gbọ́," Agatha ní. "Ẹ kà á sókè."