Àjọ̀dún Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Sára Ògiri

Apá ń ro Geurt, àfi bíi pé kó jù ú nù. Ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti gbé gòjé léjìká láì ta á, torí ayàwòrán tó ti Amsterdam wá ní bí orin bá dún, àwọn tó ń ṣe bí ẹní ń jó ò ní dúró jẹ́ẹ́. Àwọn yẹn náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìyẹ inú òjò, nínú aṣọ ayé àwọn baba ńlá wọn. Ijó tí ò lórin! Irú ìyà wo nìyẹn?

"Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀," ayàwòrán náà wí.

"Ogójì ọdún ni mo fi ta gòjé lábúlé yìí. Ta ló bi mí bóyá mo rẹ́rìn-ín?"

Ọ̀rọ̀ Marrigje ló jẹ́ kó fara dà á. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí ní Rotterdam, ọjọ́ àjọ̀dún abúlé rẹ̀ nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ sì máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ pé kó lọ sílé. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ abúlé ti fòfin de àjọ̀dún náà, wọ́n ní ọtí ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó di ọdún mẹ́ta tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ò ti fojú kan ọmọ wọn. Baálẹ̀ yìí kan náà ló wá ní kí wọ́n ya àwòrán àjọ̀dún. Geurt rò ó pé ẹni tí àárò nǹkan ń sọ tó báyìí, á dá a padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, omijé bọ́ lójú baálẹ̀.

"Háà! Ayé ti dùn rí o. Ẹ wo Geurt, bó ṣe ń ta gòjé!"

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Geurt ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é padà. Láìsí i, ọmọ mi ò ráyè wálé."

Baálẹ̀ gbá a léjìká pẹ́pẹ́. "Kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe? Òun rèé níwájú wa. Kò sẹ́ni tó máa mutí yó nínú èyí, kò sẹ́ni tó máa jà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú kí Geurt náà rẹ́rìn-ín, èyí ló sì dùn ún jù.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ délé. Ó bá Hendrikje, ìyàwó rẹ̀, níbi tó ti ń sá tìmùtìmù Marrigje sóòrùn.

"Bàbá Marrigje, kí ni wọ́n wí?"

"Baálẹ̀ sunkún."

"Ó sunkún? Ó ti bọ́ sí i! Ẹni tó sunkún á ṣàánú wa." Ló bá tún ń gbọn eruku tìmùtìmù.

"Fi sílẹ̀, Hendrikje. Àwòrán ló sunkún fún. Kì í ṣe àwa."